Ọ̀tún Ni Mo Pè

6 Ṣẹ́rẹ́ 2025, Ọjọ́ Ajé

Ọmọ kan pè mí ní Òsì-lọ̀tún lónìí ní ìlú Ara, níbi tí mo ti lọ kó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀kadà bàbá rẹ̀ ló jókòó sí. Bàbá bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu òun náà. Mo di ẹrù mi, mo wakọ̀ lọ, mi ò wo ẹ̀yìn.

Ó ku oṣù kan ààbọ̀ kó pé ọdún kan tí ọkọ̀ Oyèníran, awakọ̀ eré ìje, wọ kòtò lójú eré ní kọ́nà afárá Isundunrin. Èmi ni mo jókòó tì í, tí mo ṣí ìwé tí mo kọ gbogbo kọ́nà sí sórí itan, tí mò ń ka ọ̀nà fún un bí mo ṣe kà á fún odidi ọdún mẹ́ta. Mo ní, "Ọ̀tún, ó le, dín eré kù." Kò dín in kù. Egungun èjìká mi kán. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi lọ sí ọsibítù, ó dúró níwájú gbogbo èrò ní pápá tí eré ti ń parí, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òsì ni mo pè. Wọ́n gbà á gbọ́. Ẹni tó ti gba ife ẹ̀ẹ̀mejì, ta ni ò ní gbà á gbọ́ ju obìnrin tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ? Láti ọjọ́ náà, Òsì-lọ̀tún ni wọ́n ń pè mí; orúkọ tí bàbá mi sọ mí, Wàlíyátù, ó ku díẹ̀ kó di ìgbàgbé.

Wọ́n ti lẹ ìwé eré ọkọ̀ ti ọdún yìí mọ́ ògiri gáréèjì. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Èrèlè ni, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Mo lọ bá Alàgbà Oyèdèjì tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi. Wọ́n bi mí léèrè pé ta ni mo fẹ́ kàwé fún. Mo ní mi ò kàwé fún ẹnì kankan mọ́. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ wakọ̀.

Wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ ọ́.

8 Ṣẹ́rẹ́, Ọjọ́rú

Ọyẹ́ mú. Ètè mi ti bẹ́.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ lò ni èyí tí bàbá Ummuhani, ọmọ mi, fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sí Àbíjàn. Ó ti pé ọdún méjì lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé. Adìyẹ ìyá mi ti yé ẹyin méje sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Bọ̀dá Mùíbì, ẹ̀gbọ́n mi, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n mirí. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe mekáníìkì ní Àbíjàn kí wọ́n tó padà wálé.

"Wàlíyá, kí lo fẹ́ fi eléyìí ṣe?"

"Mo fẹ́ fi gba iwájú Oyèníran."

"Ṣé ife lo fẹ́ ni, àbí Oyèníran lo fẹ́ mú?"

Wọ́n ní kí n lọ kó ẹyin kúrò nínú ọkọ̀ ná.

14 Ṣẹ́rẹ́, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Táyà àlòkù mẹ́rin, ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà, ọ̀kan nínú wọn sì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dá a padà, a jà, wọ́n pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Epo bẹntiróòlù ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ní lítà kan. Àṣíborí méjì ṣì kù tí mi ò tíì rà. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ó di kí n máa kó ẹ̀gẹ́ fún ẹlẹ́rọ mìíràn. Ìyá mi gbọ́, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

19 Ṣẹ́rẹ́, Ọjọ́ Àìkú

Mo rí akàwé, ẹni tó máa ka ọ̀nà fún mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tó kọjú sí ibi tí mo máa ń já ẹ̀gẹ́ sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ obìnrin kan tó máa ń ka Bíbélì níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń la àárín ariwo ẹ̀rọ gààrí kọjá, kì í kọsẹ̀, kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Lónìí mo dúró títí wọ́n fi parí ìsìn. Àǹtí Oyèṣọlá ni wọ́n ń pè wọ́n. Aṣọ ni wọ́n ń rán, wọ́n fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, wọn ò sì jókòó sínú ọkọ̀ eré rí.

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìwọ lo pe ọ̀tún lósì?"

"Mi ò pè é, Àǹtí. Ọ̀tún ni mo pè."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà?"

"Wọ́n ti gbé mi lọ. Nígbà tí mo fi padà dé lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, ẹjọ́ ti parí."

Wọ́n ní àwọn máa gbàdúrà sí i. Kí n tó dé ibi ọkọ̀ mi, wọ́n ké sí mi pé ọjọ́ wo la máa bẹ̀rẹ̀.

25 Ṣẹ́rẹ́, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A rin gbogbo ọ̀nà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lónìí: Èjìgbò dé Ola, Ola dé Isundunrin, Isundunrin dé Ara, Ara padà sí pápá. Mò ń sọ, Àǹtí Oyèṣọlá ń kọ. Ìlà wọn gún bí ìlà aṣọ tí wọ́n rán. Níbi tí mo bá ti ní "kòtò wà lósì," wọ́n á béèrè pé báwo ni kòtò náà ṣe jìn tó. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ní kọ́nà afárá Isundunrin, mo dá ọkọ̀ dúró. Igi igbá tí a kọ lù ṣì ní ojú ọgbẹ́ lára. Ilé àwọn àna Oyèníran ni ilé tó kọjú sí kọ́nà yẹn gan-an. Ní gbogbo ọjọ́ eré wọ́n á kó bẹ́ǹṣì síta, ìyá ìyàwó rẹ̀ á jókòó láàárín. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tẹ bíréèkì níbẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe ń fò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pariwo mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ó bọ́ sí i, ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò bọ́ sí i mọ́.

Èjìká mi ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

30 Ṣẹ́rẹ́, Ọjọ́bọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun rere kan sílẹ̀. Lónìí, lójú ọ̀nà Ola, a sáré gidi fún ìgbà àkọ́kọ́. Yẹ̀pẹ̀ pupa gbẹ, ó rọ̀ lókè, ó le nísàlẹ̀. Àǹtí ní, "Òsì, ó rọ̀, tẹ̀ ẹ́," mo tẹ̀ ẹ́, ìdí ọkọ̀ yọ́ lọ sápá kan bí ẹja nínú omi, ó sì padà wá sí ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mi ò ronú kan Oyèníran fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí a dúró, eruku ti sọ wá di arúgbó méjì. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní ká tún un ṣe.

4 Èrèlè, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọmọbìnrin kan wá bá mi níbi tí a ti ń já ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ọpẹ́mipọ̀ lorúkọ mi, ará Ola ni mí. Èmi ni mo máa kàwé fún Bọ̀dá Oyèníran lọ́dún yìí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà yẹn jù."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ń kọ́ni ní ilé ìwé àwọn ọmọdé. Ó ti ka ọ̀nà náà ẹ̀ẹ̀kan péré pẹ̀lú Oyèníran, ẹ̀rù sì ń bà á kí òun má lọ ṣe àṣìṣe. Ó ní bóyá mo lè bá òun wo ìwé òun. Mo wò ó. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ní kọ́nà afárá, ó kọ ọ́ síbẹ̀: ọ̀tún, ó le, dín eré kù.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ọkùnrin náà ò ní gbọ́ ohun tó bá pè níbẹ̀, kó lọ wá ẹlòmíràn kàwé fún, tàbí kó jókòó sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi.

Ohun tí mo sọ ni pé, "Ìwé ẹ dára. Lọ́jọ́ eré, so fóònù ẹ mọ́ iwájú ọkọ̀, kó o máa gba ohùn yín sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó máa ń ran akàwé lọ́wọ́."

Ó dúpẹ́. Ó tún kúnlẹ̀.

Mo sùn dáadáa.

9 Èrèlè, Ọjọ́ Àìkú

Rédíétọ̀ ń jò. Bọ̀dá Mùíbì ní "doucement, doucement," rọra, rọra, lédè Faransé, bí ẹni pé èmi ni ọkọ̀ náà. Wọ́n fi iná jó ojú ihò náà pa.

12 Èrèlè, Ọjọ́rú

Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. A jókòó sábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Oyèṣọlá, mo sọ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn bí ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ṣé o sọ fún ọmọ náà pé ọkùnrin yẹn ò ní tẹ bíréèkì?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá sọ fún un, á sá. Tó bá sá, Oyèníran á rí ẹlòmíràn, ẹni yẹn ò sì ní gba ohùn sílẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ títí láé pé irọ́ ló pa mọ́ mi."

"Wàlíyá, ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn."

"Ṣé ọmọ igi lèmi nígbà tó ṣe tèmi ni, Àǹtí?"

Wọ́n ní àwọn fún mi títí di àárọ̀ ọjọ́ eré láti sọ fún un, àwọn ò sì ní bá mi sọ ọ́, torí pé ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde.

17 Èrèlè, Ọjọ́ Ajé

Àṣíborí méjì dé. Tèmi tóbi jù, mo wé gèlè kékeré sábẹ́ rẹ̀. Ummuhani gbé e sórí, ó ń kọ lu ògiri káàkiri inú ilé. Ó béèrè pé tí mo bá ṣẹ́gun, ṣé wọn ò ní pe òun ní ọmọ Òsì-lọ̀tún nílé ìwé mọ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé bóyá kí n lọ bá Ọpẹ́mipọ̀ ní Ola, kí n sọ fún un. Mi ò rò ó mọ́.

22 Èrèlè, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ kí n má baà gbàgbé.

Àárọ̀ tutù, eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run. Ọkọ̀ mọ́kànlá. Wọ́n ń tú wa sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, Oyèníran ni ìkẹfà, èmi ni ìkeje. Àǹtí Oyèṣọlá wò mí, wọ́n sì fi orí júwe ọkọ̀ Oyèníran. Mo rìn lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ọpẹ́mipọ̀ ti jókòó, ó ti de bẹ́líìtì, fóònù rẹ̀ wà níwájú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Oyèníran yọ orí síta. "Òsì-lọ̀tún, ẹ kú àárọ̀ o. Wọ́n ní ẹ ti di awakọ̀. Ẹ ṣáà rọra, kẹ́ ẹ má lọ ya sí Ìbàdàn."

Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo padà sínú ọkọ̀ mi.

Láti Èjìgbò dé Ola, mi ò wakọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí ń kà, mò ń ṣe é. A ré ọkọ̀ kan kọjá, ọkọ̀ karùn-ún, tí omi rẹ̀ ti ń hó lẹ́bàá ọ̀nà. Kí a tó dé afárá Isundunrin ni mo ti rí eruku tó dúró sójú kan. Ọkọ̀ Oyèníran ti dojú dé nínú kòtò. Àwọn èèyàn ti yí i ká. Oyèníran dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọn ara. Ọpẹ́mipọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ìyá arúgbó kan gbá a mú lẹ́yìn.

Ọkùnrin kan ju ọwọ́ sí wa pé ká máa lọ, pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀.

"Dúró," Àǹtí ní.

Mi ò dúró. Mo tẹ bíréèkì, mo yí ọ̀tún, mo gba orí afárá kọjá.

Àǹtí Oyèṣọlá pa ìwé dé. Wọ́n gbé e sórí itan wọn, wọ́n kó ọwọ́ lé e, wọn ò sì sọ̀rọ̀ kankan mọ́. Láti Isundunrin dé Ara, láti Ara dé pápá, èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ náà. Ojú ọ̀nà tí mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án ni, ojú mi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé inú ọkọ̀ lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ́ńjìnnì. Ipò kẹta la ṣe. Tí wọ́n bá kàwé fún mi ni, à bá ṣe ipò kìíní.

Kò pẹ́ tí Oyèníran fi dé lórí ọ̀kadà, aṣọ rẹ̀ ya. Ó lọ tààrà síbi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún àwọn obìnrin. Òsì ló pè."

Ọ̀rọ̀ kan náà. Kò tilẹ̀ wá òmíràn.

Mo rìn wọ àárín èrò. Mo ní, "Alàgbà, ọmọ náà gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ." Wọ́n ti ń gbé Ọpẹ́mipọ̀ bọ̀ láti fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Kò lè sọ̀rọ̀, òwú kún ẹnu rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó na fóònù sí Alàgbà Oyèdèjì. Wọ́n gbé e sí ẹ̀rọ.

Ohùn ọmọ náà jáde, ó ga, ó ṣe kedere. "Ọ̀tún, ó le, ẹ dín eré kù, sà. Ọ̀tún, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀tún."

Lẹ́yìn náà, ohùn Oyèníran. "Panu mọ́, jàre. Àwọn àna mi ń wò mí."

Lẹ́yìn náà, ìró irin.

Mo wo ojú Oyèníran títí ó fi wo ilẹ̀. Oúnjẹ tí mo ti ń wá láti ọdún kan nìyẹn, mo sì jẹ ẹ́ yó.

23 Èrèlè, Ọjọ́ Àìkú

Àwọn èèyàn ń wá kí mi láti àárọ̀. Bàbá ọlọ́kadà ti Ara gbé iṣu márùn-ún wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wàlíyátù ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo wulẹ̀ jókòó síta kí wọ́n lè máa rí mi.

Àǹtí Oyèṣọlá ò wá.

24 Èrèlè, Ọjọ́ Ajé

Mo lọ sí Ola. Mo gbé mílíìkì, ògì àti ọsàn dání. Eyín iwájú méjì ló jáde, wọ́n rán ètè rẹ̀ ní ojú márùn-ún. Kò lè mu ọsàn, ata ni fún un. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ó tẹ́ ẹní fún mi. Bí ó ṣe wọlé lọ gbé omi ni Ọpẹ́mipọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń ti inú òwú jáde, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ mọ̀, mà."

"Kí ni mo mọ̀?"

"Pé kò ní tẹ bíréèkì. Ìdí tẹ́ ẹ fi ní kí n gba ohùn nìyẹn."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Mo kúnlẹ̀ fún yín." Ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀. "Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa gbọ́ ohun tí mo bá ń kà fún wọn báyìí?"

Ìyá rẹ̀ gbé omi dé. Mo mu ún. Mo ní ó dá mi lójú pé Oyèníran máa wá bẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo ayé.

Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

26 Èrèlè, Ọjọ́rú

Wọ́n mú Oyèníran wá sílé wa, àgbà mẹ́ta, pẹ̀lú Alàgbà Oyèdèjì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Àwọn àgbà ní kí n gba ẹ̀bẹ̀, pé ààwẹ̀ ti sún mọ́lé, pé a kì í fi inú dúdú wọ ààwẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú pálọ̀ ló ti pa irọ́ náà. Ibi tó ti pa á ni kó ti lọ jẹ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀ mí fún wákàtí kan. Mi ò yí ohùn padà. Bọ̀dá Mùíbì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò dá sí i. Nígbà tí àlejò lọ tán ni wọ́n ní, "O ti rí i gbà. Ṣé ó tó ẹ?"

Mo ní kò tíì tó.

27 Èrèlè, Ọjọ́bọ̀

Wọ́n pín ẹ̀bùn ní pápá nírọ̀lẹ́ yìí. Èrò pọ̀ ju ti ọjọ́ eré lọ, torí gbogbo wọn ti gbọ́ pé Oyèníran ti gbà láti jẹ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ti ní Oyèníran ò gbọdọ̀ wakọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Àǹtí Oyèṣọlá jókòó sápá òsì, mo kí wọn, wọ́n dáhùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpẹ́mipọ̀ àti ìyá rẹ̀ wà ní ìlà iwájú.

Oyèníran gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ọ̀tún ni Wàlíyátù pè lọ́dún tó kọjá. Ọ̀tún ni Ọpẹ́mipọ̀ pè lọ́dún yìí. Irọ́ ni mo pa mọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ foríjì mí." Ó sọ ọ́ kíákíá, ẹnu rẹ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ.

Mo dìde. Mo ní kó tún un sọ, pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.

Ó wò mí. Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ já láàárín, mi ò ní purọ́, inú mi dùn dé ẹsẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbà á. Mo yíjú sí Ọpẹ́mipọ̀. Mo ní mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin yìí ò ní tẹ bíréèkì ní kọ́nà yẹn. Mo ní ó wá bá mi lórí ìkúnlẹ̀, mi ò sọ fún un, nítorí ohun tí mo fẹ́ gbà. Mo ní kó foríjì mí. Mi ò mọ bí ohùn mi ṣe lọ sílẹ̀ tó.

Ọpẹ́mipọ̀ yọ òwú kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ká a mọ́wọ́.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́, mà," ó ní.

Mo gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ẹnu mi. Mo tún un sọ.